Ìka Ò Lè Wọn Afẹ́fẹ́ Inú Kọ́ọ̀fù

Ohun tó gbà mí lọ́kàn lónìí ni kọ́ọ̀fù, àpò kékeré tó yí ìsàlẹ̀ túùbù ìmí ká. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí mọ́tò gbá dé yàrá pàjáwìrì, tí kò lè dá mí mọ́, bí túùbù ṣe máa wọlé ni gbogbo ojú ń wò. Bó bá ti wọlé, ẹnì kan á ti afẹ́fẹ́ síríńjì mílílítà 10 wọ inú kọ́ọ̀fù tán, á fi ìka méjì tẹ bọ́ọ̀lù kékeré tó wà lóde, tí okùn so mọ́ kọ́ọ̀fù, á ní ó ti dáa. Ó dùn mí pé a ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ náà wà láàárín 20 sí 30 lórí géèjì, ìyẹn agbára tó lè ti omi gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Bó bá ti kọjá 30, ó ń fún ẹran inú ọ̀nà èémí mọ́ ògiri, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ibẹ̀ dáadáa. Bó bá tó 50, ẹ̀jẹ̀ lè má kọjá rárá. Ibẹ̀ á dégbò. Àpá egbò náà lè sọ ọ̀nà èémí di tóóró lẹ́yìn tí aláìsàn ti lọ sílé. Bó bá sì rọ̀ tí kò tó 20, itọ́ àti èébì á gba ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀fù ṣàn wọ ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà á tẹ̀lé e.

Ìka ò mọ 25 yàtọ̀ sí 60. Kíka mílílítà náà ò tó, torí ọ̀nà èémí ẹnì kan fẹ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Fọkanáísà ẹ̀bá títì kì í fẹ́ táyà láìwọ̀n ọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ fa itọ́ ẹnu àti ọ̀fun kúrò, kí ẹ tó so géèjì mọ́ bọ́ọ̀lù náà. Díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kọ́ọ̀fù á wọ okùn géèjì, nítorí náà iye tí ẹ kọ́kọ́ rí á kéré sí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé e sí 25 sí 28, torí díẹ̀ tún máa ń jò nígbà tí ẹ bá ń yọ géèjì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Ẹ tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, àti nígbàkígbà tí ẹ bá yí aláìsàn padà.

Bó bá ń rọ̀ ṣáá, ẹ má kàn máa fi afẹ́fẹ́ kún un. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára túùbù níbi eyín: bíi sẹ̀ǹtímítà 21 fún obìnrin, 23 fún ọkùnrin. Bí nọ́ńbà yẹn bá ti dín kù, ó ṣeé ṣe kí túùbù ti sún sókè, kí kọ́ọ̀fù ti há sí ẹnu gògóńgò. Afẹ́fẹ́ tí ẹ bá fi kún un á tún máa tì í jáde ni. Bí nọ́ńbà ò bá yí padà, ẹ yẹ fáàfù bọ́ọ̀lù wò, ó lè ti sán.

Níbi tí géèjì ò bá sí, ẹ gbé ohun èlò ìgbọ́ àyà lé ọrùn, kí ẹ máa fi afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀ títí ariwo afẹ́fẹ́ tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀fù á fi dákẹ́, kí ẹ dúró níbẹ̀. Ó sàn ju ìka lọ, àmọ́ kò lè rọ́pò géèjì.

Aláìsàn tí wọ́n ń fi bàlúù gbé lọ nílò ìṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí bàlúù bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ kọ́ọ̀fù ń wú, ẹ óò tú díẹ̀ sílẹ̀. Bó bá balẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n kíá, torí èyí tó dọ́gba lókè á ti rọ̀ jù nílẹ̀.