Ẹ bá mi dúpẹ́, omi Alau kò gbé wa lọ

Assalamu alaikum, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi gbogbo. Mo wá dúpẹ́ ni, torí omi dáàmù Alau tó ya wọ Maiduguri ní 2024 kò gbé èmi àti àwọn ọmọ mi lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sún un síwájú, torí bí mo bá ti ní kí n sọ ọ́, ẹnu mi á wúwo. Nígbà tí a ṣe sàráà nílé wa ní Ìwó lẹ́yìn Iléyá 2025, Àlùfáà ní kí n dìde kí n sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún mi. Mo dìde, ẹkún ni mo sun, mo tún jókòó. Màámi ló bá mi parí rẹ̀, ó sì sọ ọ́ dàrú. Ó ní ọ̀nì lé wa. Ọ̀nì kankan kò lé wa. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Oṣù keje ọdún 2022 ni a kó lọ sí Maiduguri. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá àwọn ọmọ mi ń ṣe, wọ́n sì gbé e lọ síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń ká ọwọ́ lérí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bi mí pé ṣé mo fẹ́ lọ fi ọmọ méjì ta Boko Haram lọ́rẹ ni. Màámi nìkan ni kò jà. Ó bu omi sínú abọ́, ó fi ọwọ́ tútù pa mí lórí, ó ní, "Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. O ó lọ, o ó bọ̀." Ẹ̀yin ọmọ Ìwó ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé àdúrà odídẹrẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ́dọ̀ wa.

A sùn ní Abuja, a sùn ní Bauchi. Potiskum, Damaturu, ibi àyẹ̀wò ṣọ́jà lọ́tùn-ún lósì, títí a fi dé. Gwange la gbà ilé sí. Iná ọba ò sí. Láti ọdún 2021 ni àwọn oníbi ti wó òpó rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀kadà ò sí, wọ́n ti fòfin dè é láti 2011, kẹ̀kẹ́ Maruwa la fi ń lọ síbi gbogbo. Ooru? Ẹ jẹ́ kí n fi ooru sílẹ̀ ná.

Èdè ló kọ́kọ́ bá mi jà. Mo ti rò pé mo gbọ́ Hausa díẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ Sábó n'Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mo dé Gwange, mo kí ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Hausa, "Ina kwana," ó wò mí, ó fi Kanuri dáhùn. Wọ́n ń pè é ní Hajja. Èmi, "Bayarabiya" ni wọ́n ń pè mí, obìnrin Yorùbá, bí ẹni pé n kò lórúkọ. Àráàárọ̀ ni Hajja máa ń gbé àga kékeré sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí yóò máa wo bí mo ṣe ń gbálẹ̀. Kò ní rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó kórìíra mi ni. Mo máa ń sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé obìnrin yìí ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ààwẹ̀ 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà. Oṣù kẹta wọ oṣù kẹrin ló bọ́ sí, ìgbà tí oòrùn Maiduguri máa ń gbóná ju ogójì lọ lórí ìwọ̀n. Ìta la ń tẹ́ ẹní sùn sí. Nígbà tó bá fi di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, ìlà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fà sórí aṣọ a máa di méjì lójú mi. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọdébìnrin kan gbé abọ́ tánńganran wá, etí rẹ̀ ti ṣá, kunu ló wà nínú rẹ̀, ó ní Hajja ló ní kí òun gbé e wá fún ìṣínu. Ṣé èmi ọmọ Ìwó á wá dá abọ́ padà lófìfo? Mo di àkàrà sí i lọ́jọ́ kejì. Ó dá a padà pẹ̀lú màásà. Mo fi mọ́ínmọ́ín rán an padà. Títí ààwẹ̀ fi parí, abọ́ yẹn kò sinmi.

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Ní gbogbo ọdún méjì yẹn, àdúrà kan ṣoṣo ni mo ń gbà lẹ́yìn Ṣúbúhì: Ọlọ́run, yọ wá kúrò níbí. Nígbà tí Monday Market jóná ní oṣù kejì 2023, lọ́jọ́ kejì ìdìbò ààrẹ, ibi tí mo ti ń ra aṣọ àti òwú run, mo ní àmì nìyẹn, ó tó ká lọ. Bàbá àwọn ọmọ kọ lẹ́tà. Wọn ò dá a lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ tí omi náà dé ní 2024, òjò ti pọ̀ jù. Wọ́n ń sọ pé dáàmù Alau ti kún dẹ́nu. Odò Ngadda tí wọ́n dí ní Alau ló gba àárín ìgboro kọjá, ẹ̀gbẹ́ Gwange wa ló sì gbà. Àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń rántí omi ọdún 1994. Àmọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní ká fọkàn balẹ̀, a sì fọkàn balẹ̀. Èmi tiẹ̀ ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Máólúdì ku ọjọ́ díẹ̀, aṣọ oníbàárà mẹ́rìnlá ló wà nílẹ̀, mo sì ti gbé mẹ́fà wálé kí n lè lẹ òkúta dídán sí wọn lọ́rùn.

Òru Àtíní mọ́jú Àtàláátà ni, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án 2024. Bàbá àwọn ọmọ wà l'Abuja. Mo gbọ́ tí nǹkan ń kan ilẹ̀kùn yàrá, kó, kó, kó, jẹ́ẹ́jẹ́. Mo rò pé olè ni. Mo fa ọmọ kékeré mọ́ra, n kò mí. Kó, kó. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì, kẹ́tùrù tí a fi ń ṣe àlùwàlá ni. Ó ti léfòó, ó ń forí sọ ilẹ̀kùn. Mo gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí ibùsùn, omi mù mí dé ojúgun.

Ẹ lè rò pé ẹ mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi, aṣọ oníbàárà ni mo ń ká. Mo dúró sínú omi, mo ń ká aṣọ Máólúdì lẹ́sẹẹsẹ, mo ń ká a ní ìlọ́po mẹ́rin bí ẹni tó fẹ́ lọ fi jíṣẹ́. Ibi tí mo ti ń ká a ni Hajja gba ẹ̀yìnkùlé já wọlé, aṣọ rẹ̀ ti rin dé ìbàdí. Ó gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ó jù ú sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Takarda!" Ẹ ò rí i, tákàdá náà là ń pè é nílé, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí bí ìgbà tí Màámi bá pè mí. Mo na ọwọ́ sí báàgì tí ìwé ẹ̀rí, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ àti ohun gbogbo wà. Ó fi ọ̀rá méjì wé e, ó fi ọ̀já dì í mọ́ mi níkùn lábẹ́ híjáàbù. Ó wá wọ ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò ìrẹsì mi tó tóbi jù, ó kó iyọ̀, ìṣáná, ṣíbí àti ọ̀bẹ sínú rẹ̀, ó dé e, ó gbé e lé mi lórí.

Mo ní kí ni n ó fi ìkòkò ṣe nínú omi. Kò dá mi lóhùn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé ará Bama ni. Ọdún 2014 tí Boko Haram gba Bama, ẹsẹ̀ ló fi rìn dé Maiduguri, nǹkan bíi kìlómítà 70. Aṣọ ló dì jáde lọ́jọ́ náà. Aṣọ kò ṣeé sè.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé àgbà ọmọ mi sí èjìká. Mo pọn àbúrò. A di ara wa mú, a ń fọwọ́ tọ ògiri lọ, omi ń ga sí i, ibi kan wà tó dé mi láyà. Ilẹ̀ ti mọ́ ká tó bọ́ sí gbígbẹ. Ojú ọ̀nà ni ìròyìn ti bá wa pé omi ti wọ ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi, pé ọ̀nì àti ejò ti jáde sí ìgboro. Láti ìgbà yẹn, gbogbo igi tó bá ti ń léfòó lọ́nà ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nì ni lójú mi. Ibi tí ọ̀nì Màámi ti wá nìyẹn.

Àgọ́ Bakassi la sùn sí, níbi tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé ti gbé rí. Àwọn tí omi lé jáde lé ní 400,000, wọ́n ní ó kéré tán èèyàn 30 ló bá a lọ. Èmi ò mọ 400,000. Ẹni tí mo mọ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń fi ọmọlanke gbé omi jẹ́rìkánù wá fún wa láràárọ̀, tó máa ń bá àbúrò ṣeré. A ò tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe ń dúpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń há mi lọ́fun. Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Wọ́n pín ìrẹsì àti ẹ̀wà fún wa lágọ̀ọ́, tútù. Ta ló ní ohun tí yóò fi sè é? Ìkòkò mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdílé Hajja ti gbé tiwọn kaná; tí wọ́n bá bù ú tán, èmi; tí mo bá bù ú tán, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ti dúdú bí èédú, ọmọrí rẹ̀ ti wọ́. Bàbá àwọn ọmọ dé lọ́jọ́ kẹrin, eruku bò ó, ó ń fi fótò wa béèrè kiri láàárín àgọ́. Ó bá wa nídìí ìkòkò.

Nígbà tí omi fà, ẹrẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù mi ga dé ìdí ẹsẹ̀ máṣíìnì. Mo tú Butterfly méjèèjì, mo fi kẹrosíìnì fọ wọ́n, mo sá wọn sóòrùn, mo fi òróró ẹ̀rọ sí i. Ọ̀kan dìde. Èkejì kọ̀. Àlùmọ́gàjí mi ti dípẹtà. Nínú àwọn oníbàárà mẹ́rìnlá, mẹ́tàlá ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu. Ọ̀kan ní kí n san owó aṣọ òun pé pérépéré, mo sì san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. N kò bínú sí i, aṣọ rẹ̀ kúkú ni. Onígbáméjì tún wọ ìlú nínú oṣù kẹwàá. Alhamdulillahi, kò ya ọ̀dọ̀ wa.

Àfi bí mo ṣe ń tò nǹkan padà nínú oṣù kìíní 2025, lẹ́tà ìṣípòpadà dé. Ìbàdàn! Bàbá àwọn ọmọ gbé e wá fún mi bí ẹni gbé ẹ̀bùn wá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó jẹ́ kí àwọn ọmọ parí ọdún ìwé wọn ná. Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé ìwọ nìyẹn?" N kò mọ èsì tí n ó fún un. Lẹ́tà yẹn wà nínú báàgì ìwé, ọ̀rá méjì ṣì wé e.

Lọ́jọ́ kejì sàráà, tí Màámi ń fọ abọ́, Hajja pè mí. Mo fi fóònù síta kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ó kí Màámi ní Kanuri, "Wushe, wushe," Màámi dáhùn ní Yorùbá, "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi o," àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó gbọ́ èkejì. Hajja wá yí sí Hausa fún mi. Ó ní kí n ra gààrí bọ̀ fún òun, èyí tó kan, kì í ṣe èyí tí mo rà nígbà kan. Ó ní òjò ti ń ṣú. Ó ní ìkòkò mi tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, òun ti fi iyanrìn ha ìdí rẹ̀, ó ti funfun díẹ̀, kí n tètè wá gbé e.

Àtàláátà tó ń bọ̀ ni mo máa wọkọ̀. Màámi ti ń bu omi sínú abọ́.