Á wá padà sílé

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi sọ lórí fóònù lánàá ò tíì kúrò létí mi. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn ló ń bá sọ̀rọ̀, mo ń ti òkè sọ̀kalẹ̀ bọ̀, mo gbọ́ tó ní, "Ẹyọ kan péré ló kù. Tó bá ti rí ẹyọ kan yẹn rà, Dádì Tọ́lá á wá padà sílé." Owó wúrà àtijọ́ ti Amẹ́ríkà tí mo ń kó jọ ló ń sọ. Kò pariwo, kò bínú, àfi bí ẹni tó ń ka ọjọ́ tó kù kí ọdún dé.

Á wá padà sílé. Níbo ni mo lọ?

Òní: iṣẹ́, òjò, mo gbé Tọ́lá lọ síbi bọ́ọ̀lù, a padà dé.

Ó tiẹ̀ bí mi nínú láàárọ̀. Alẹ́ wo ni mo sùn síta? Ìgbà tó di ọ̀sán ni mo wá rántí ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò ìyàwó mi, Baltimore ni mo wà lọ́jọ́ yẹn níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ owó àtijọ́, mo ń fi awò wo ojú wúrà…

Ihò méjìlá ló wà nínú ohun tí mo ń to àwọn owó náà sí. Mọ́kànlá ti wà ńlẹ̀. Owó wúrà dọ́là kan, oríṣi kejì ẹ̀, ló kù, èyí tí wọ́n ṣe láti 1854 sí 1856 péré. Wúrà inú ẹ̀ ò ju ti oríṣi àkọ́kọ́ lọ, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ kó fẹ̀ sí i ni, ó wá fẹ́lẹ́, àwòrán tó wà lójú àti lẹ́yìn ẹ̀ sì ga ju ohun tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí 8 inú ọdún tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ fi sábà máa ń ṣe bàìbàì. Mo ti kọ mẹ́ta sílẹ̀ torí 8 yẹn. Bóyá 8 kọ́ ni mo ń sá fún.

Torí kó lè lópin ni mo ṣe ń kó o ní àwòrán-àwòrán, ẹyọ kan fún oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń lé gbogbo ọdún àti gbogbo ibi tí wọ́n ti ṣe é, Philadelphia, Carson City, Dahlonega, ilẹ̀ á ṣú u sọ́nà. Èmi fẹ́ kó parí. Mi ò sì tún fẹ́ kó parí. Tó bá pé, kí ni mo máa jí wò láago márùn-ún àárọ̀?

Mo gbé owó wúrà ogún dọ́là tí Saint-Gaudens ya àwòrán ẹ̀ jáde lálẹ́ yìí. Àìsàn ń bá ọkùnrin yẹn jà nígbà tó ń ṣe é, ó kú ní August 1907, kí owó náà tó jáde. Obìnrin orí ẹ̀ gbé ògùṣọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀ka ólífì lọ́wọ́ òsì, aṣọ ẹ̀ ń fẹ́. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ó ń lọ síbi kan ni. Lálẹ́ yìí, ẹni tó kọjú sílé tó ń bọ̀ ni mo rí.

Ontajà kan ti fi fọ́tò dọ́là kan yẹn ránṣẹ́, ti 1855, 8 ẹ̀ hàn ketekete, ó ní òun á bá mi dì í mú di Sátidé. Mi ò tíì fèsì.

Wọ́n ń pè mí wá jẹun nísàlẹ̀. Mo ti dáhùn "mò ń bọ̀" lẹ́ẹ̀mejì.