Fíìmù ọmọláńgidi mi: ibi tí mo bá a dé

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Ilé ìdáná ti dúró. Páálí bísíkíìtì ni ògiri rẹ̀, igi ìṣáná ni mo fi ṣe fèrèsé, ìdérí ìgò sì di ìkòkò. Ilẹ̀ ló gba àkókò mi jù. Àbẹ́là ni mo fi ń pa á títí ó fi ń dán gbinrin, nítorí pé nínú irú ìtàn yìí, ilẹ̀ tó ń dán ju bó ṣe yẹ lọ ni àmì àkọ́kọ́ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ìtàn tí mò ń wo ọwọ́ rẹ̀ ni The Stepford Wives, tí Ira Levin kọ lọ́dún 1972, tí Bryan Forbes sì sọ di fíìmù lọ́dún 1975. Joanna, ayafọ́tò ni, ó kó kúrò ní New York pẹ̀lú ọkọ àtàwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Stepford, ìlú kékeré kan ní Connecticut. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn ìyàwó sì ń nu ilé láti òwúrọ̀ dé alẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ̀rọ ni wọ́n. Àwọn ọkọ ti pàrọ̀ wọn.

Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni mo fẹ́ kí tèmi jẹ́. Fọ́tò ni màá máa ya lọ́kọ̀ọ̀kan, tí màá sì tò pọ̀ di fíìmù: 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, àpapọ̀ 1,080. Ọlọ́run ló mọ ohun tó kì mí sínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Mo da fọ́tò 140 pọ̀, mo wò ó, ẹ̀rín pa mí. Joanna tó yẹ kó jẹ́ ènìyàn ló jọ ẹ̀rọ jù! Ẹni tó bá ti ṣe irú fíìmù yìí rí á mọ ìdí: èèyàn á sún apá díẹ̀, á ya á, á tún sún un, nítorí náà gbogbo ọmọláńgidi ló máa ń ta gìrì bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi rọ́bọ́ọ̀tì hàn láàárín wọn?

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo padà sínú ìwé, mo ka ibi tí Bobbie ti yí padà. Bobbie ni ọ̀rẹ́ Joanna, ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ilé rẹ̀ kì í tò. Òun àti ọkọ rẹ̀ dá wà fún òpin ọ̀sẹ̀ kan péré, ìgbà tí Joanna máa padà rí i, ilé ti mọ́ tónítóní, ìyá ilé sì ti tutù. Kò dún kẹ̀kẹ̀ bí ẹ̀rọ, irin kankan kò yọ. Ohun tó ń dẹ́rù bani ni pé kò sí ohun tó ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ni ojú mi là. Mo yí i padà: àwọn ènìyàn ni kó máa ta gìrì, fọ́tò 6 péré fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí n lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Rọ́bọ́ọ̀tì ni màá ya ní 12 gbáko, kó máa yọ̀ lọ bí epo.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Wọ́n mú iná nígbà tí mo dé fọ́tò 212. Òjìji yí, gbogbo iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà dànù. Mo ti wá fi aṣọ bo fèrèsé báyìí, tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì méjì ni mò ń lò.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń bá mi di fóònù mú wo ìran Bobbie, ó ní, “Àǹtí mi, ìyá yìí mà mọ iṣẹ́ o, òun ló dára jù nínú wọn.” Mi ò tíì sọ ìtàn náà fún un. Mo kàn dákẹ́, inú mi ń dùn lábẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, mo sì ti rọra ń ṣe é. Kí wọ́n tó pàrọ̀ obìnrin, wọ́n ní láti kọ́kọ́ kó ìrísí àti ohùn rẹ̀ jọ. Ike Mazzard tó jẹ́ ayàwòrán nínú ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin náà ya Joanna sórí bébà bí ẹni ń yọ̀ mọ́ àlejò. Claude Axhelm, ọmọ ẹgbẹ́ náà, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá, ó ní òun ń ṣe ìwádìí lórí bí èèyàn ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ọmọlúàbí lójú gbogbo ayé! Páálí ìṣáná ni mo fi ṣe ẹ̀rọ náà, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì méjì ni mo sì fi ṣe kẹ̀kẹ́ téèpù rẹ̀.

Levin ò ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ẹ̀rọ náà. Ó kàn ní olórí ẹgbẹ́ ti ṣiṣẹ́ ní Disneyland rí, ó tán. Òǹkàwé ìgbà yẹn mọ̀ pé lọ́dún 1964, Disney ti gbé ère Lincoln kan tó ń dìde dúró tó sì ń sọ̀rọ̀ wá síbi àfihàn àgbáyé ní New York.

Mo ti lẹ ìlẹ̀kẹ̀ dúdú mọ́ ojú ẹ̀dà Joanna, torí pé ojú dúdú tó ṣófo ló ní nínú fíìmù 1975. Mo yọ ọ́ lánàá. Ìwé ò fi ẹ̀rọ kankan hàn wá: Bobbie mú ọ̀bẹ, ó ní òun fẹ́ gé ìka òun kí Joanna rí ẹ̀jẹ̀, kó lè gbà pé òun kì í ṣe ẹ̀rọ, orí ìwé náà sì gé síbẹ̀. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ.

Ó ku ìran súpámákẹ́ẹ̀tì. Mo nílò kẹ̀kẹ́ ọjà 5, mo ti fi wáyà ṣe 2, táyà wọn ò sì yí. Ruthanne, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Stepford, máa pàdé Joanna níbẹ̀, á gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé kò ya fọ́tò mọ́. Ruthanne nìkan ni màá ya ní 6 nínú ìran yẹn. Wáyà tó tó fún apá òsì rẹ̀ ni mi ò tíì rí.