Kí ẹ tó fi ìwé "PASS" lé ìyá ọmọ lọ́wọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka másítà lórí ìtọ́jú ìgbọ́ràn, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíníkì, ẹ fetí sí mi. Láìpẹ́ yìí mo ti rí ju ẹnì kan lọ nínú yín tó ki OAE, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń yẹ etí wò, bọ ọmọ ọwọ́ létí, tí iná aláwọ̀ ewé tàn, tó ya ìwé "PASS" fún ìyá ọmọ, tó sì ní, "Mọ́mì, ọmọ yín ń gbọ́ràn dáadáa, ẹ máa lọ." Inú mi ò dùn sí i. Mo mọ ibi tí irú gbólóhùn yẹn gbé ọmọ kan dé.

N ò ní tún ohun tó wà nínú ìwé kọ́ yín. Ẹ mọ̀ pé a máa ń yẹ etí wò ká tó ki ohunkóhun bọ̀ ọ́, ẹ sì mọ̀ pé a kì í dán etí èèyàn wò níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún lábẹ́ fèrèsé. Ohun tó kù tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò pọ̀.

Èkínní, ẹ gba ìyá ọmọ gbọ́.

Èkejì, ẹ mọ ohun tí ẹ̀rọ ọwọ́ yín ń wọ̀n, kí ẹ sì mọ ohun tí kò lè wọ̀n.

Ẹ̀kẹta... ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ti ọmọ náà, torí òun ló kó gbogbo rẹ̀ já.

Nígbà tí mo ń ṣe másítà, wọ́n fi mí sí ilé ìwòsàn kan tí n ò ní dárúkọ. Obìnrin kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ wá, ọmọ oṣù mẹ́jọ, ara rẹ̀ le, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Kámfọ̀ ni wọ́n fi tọ́jú aṣọ rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò ní èròjà G6PD tó nínú ẹ̀jẹ̀, kámfọ̀ sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú wọn máa bàjẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n bí i tí jọ́ńdíìsì fi mú un, ojú rẹ̀ pọ́n, àtẹ́lẹsẹ̀ pàápàá pọ́n. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó yè. Kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀, wọ́n fi OAE yẹ etí rẹ̀ wò: PASS.

Ìyá rẹ̀ ní ọmọ òun ò gbọ́ràn. Ó yọ ìdérí ìkòkò méjì jáde nínú báàgì rẹ̀, ó dúró sẹ́yìn ọmọ náà, ó gbá ọ̀kan mọ́ èkejì. Èmi tí mo jókòó ní òdìkejì yàrá ta gìrì. Ọmọ náà ò ṣẹ́jú, okùn ìdánimọ̀ tó wà lọ́rùn ọ̀gá mi níbẹ̀ ló ń fi ṣeré. Ìyá rẹ̀ ní lóòótọ́ ó máa ń yíjú bí òun bá ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń mọ̀ lára. Ọ̀gá tún ki OAE bọ̀ ọ́ létí, lọ́tùn-ún lósì. PASS. Ó ní, "Màdáámù, ẹ̀rọ kì í parọ́. Àwọn ọmọkùnrin máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rọ ò parọ́ lóòótọ́. OAE ń fi ìró ránṣẹ́ sí cochlea, ibi tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín nínú etí, ó sì ń gba gbohùngbohùn tí àwọn irun tín-ín-rín ibẹ̀ ń dá padà. Ibẹ̀ niṣẹ́ rẹ̀ parí. Kò mọ nǹkan kan nípa iṣan tó ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ, ọ̀nà yẹn gan-an sì ni jọ́ńdíìsì tó le máa ń bà jẹ́. Auditory neuropathy la ń pè é. ABR, ẹ̀rọ tó ń wo bí iṣan yẹn ṣe ń gbé ìró lọ, tí a ń lẹ̀ mọ́ orí ọmọ nígbà tó bá ń sùn, ló ń fi í hàn. Ìdí nìyí tí ìlànà fi sọ pé ọmọ tó bá lò ju ọjọ́ 5 lọ ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe gbọ́dọ̀ ṣe ABR.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè ṣe ABR fún un?" Ọ̀gá wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó bi mí níwájú ìyá ọmọ bóyá èmi ni mò ń sanwó oṣù òun. ABR wà nílé ìwòsàn yẹn o! Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá, torí ẹnì kan ṣoṣo tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìgbì rẹ̀ ti jápa lọ sí ìlú ọba láìkọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ọmọdé sọ tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ọmọ náà ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ta kí n tó tún rí i, ní kíníkì mìíràn l'Ékòó. A ṣe ABR. Ìlà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ létí méjèèjì, kò sí ìgbì kankan tó fi hàn pé iṣan ń gbé ìró lọ bó ṣe yẹ. Ìyá rẹ̀ ní nígbàkígbà tí òun bá ráhùn, àwọn ẹbí ọkọ á ní kí òun mú ìwé "PASS" jáde, wọ́n á ní òun ń fẹnu òun pe àìsàn lé ọmọ lórí. Ó yẹ ká ti yẹ etí ọmọ wò kó tó pé oṣù 1, ká mọ ohun tó ń ṣe é kó tó pé oṣù 3, ká sì ti bẹ̀rẹ̀ ìrànwọ́ kó tó pé oṣù 6. Ọmọ yìí ò ní èdè kankan, kò ní tẹnu, kò ní tọwọ́. Bí ebi bá ń pa á, á fa aṣọ ìyá rẹ̀, á máa géra rẹ̀ lọ́wọ́ jẹ. Kì í ṣe pé kò gbọ́ràn ni mo ń sunkún lé lórí, torí ọmọ adití tó bá tètè kọ́ èdè ọwọ́ á sọ tinú rẹ̀, á kàwé, á lọ́rẹ̀ẹ́. Ọdún mẹ́ta tẹ́nikẹ́ni ò bá a sọ̀rọ̀ tó yé e ló ń dùn mí.

WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ ní 2021 pé 93% nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kéré jù lọ ni kò ní tó audiologist (onímọ̀ ìtọ́jú ìgbọ́ràn) kan fún mílíọ̀nù èèyàn. Ní Amẹ́ríkà, AuD, oyè dókítà nínú ìtọ́jú ìgbọ́ràn, máa ń gbà tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn digirí àkọ́kọ́, kíníkì lábẹ́ àgbà ni wọ́n sì sábà máa ń fi ọdún tó gbẹ̀yìn ṣe. Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti fi hàn l'Ékòó pé a lè yẹ etí ọmọ wò níbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG, níbi tí àwọn ìyá ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà wà. Èèyàn tó mọṣẹ́ dójú àmì ló wọ́n.

Ẹ̀kẹta tí mo fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀kan nìyí: ẹ béèrè ABR níbi tí wọ́n bá fi yín sí. Bí ó bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ní kí wọ́n gbé e jáde. Lọ́dọ̀ tèmi, n kì í fọwọ́ sí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lójú mi, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá ọmọ ní Yorùbá. Bí OAE nìkan lẹ bá ṣe, ohun tí ẹ máa sọ nìyí: "Mọ́mì, ibi tí a yẹ̀ wò ń ṣiṣẹ́. A ò tíì yẹ iṣan rẹ̀ wò. Bí kò bá yíjú sí ìró, ẹ gbé e padà wá, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lé yín."

Ẹ̀yin tí físà yín sì ti jáde, ẹ lọ ire, n ò bínú sí yín. Ẹ kọ́ ẹni méjì bí wọ́n ṣe ń ka ABR kí ẹ tó wọkọ̀ òfúrufú.