Bí mo ṣe gbà kí ẹlòmíràn fi ìlú mi hàn mí

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí ní Òṣogbo, ibẹ̀ náà ni mo sì gbé títí mo fi parí ilé-ìwé girama. Láti kékeré ni mo ti ń rí àwọn àlejò tí ń kọjá níwájú ilé wa lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, tí ẹnìkan á máa ṣáájú wọn, tí yóò máa nawọ́ sọ́tùn-ún, tí yóò máa nawọ́ sósì. Lójú tèmi, àwọn àjèjì ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà fún. Ta ni yóò sanwó kí wọ́n tó fi ọ̀nà odò tí òun fúnra rẹ̀ ti ń pọnmi hàn án? Èrò yìí ni ó wà lọ́kàn mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí ìyá ọkọ mi àti ẹbí mẹ́rin mìíràn wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ìlú ìyàwó àwọn.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà igbó náà, òṣìṣẹ́ kan béèrè bóyá a fẹ́ afinimọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ ìlú ni mí. A san owó ìwọlé, a wọlé, mo sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Nígbà tí a dé ìdí ère ńlá kan, ìyá ọkọ mi dúró, ó ní, "Ìyàwó mi, ta nìyí?" Mo ní, "Ọ̀ṣun ni, Màámi." Màmá àgbàlagbà kan tí ń gbálẹ̀ nítòsí fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan, ó wò mí, ó sì sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Má bínú o, ọmọ mi. Ìyá Mòòpó nìyẹn. Òun ló ni iṣẹ́ ọwọ́ àwa obìnrin, aró rírẹ àti ìkòkò mímọ."

Ẹnu mi gbẹ. Aláró ni ìyá tí ó bí ìyá mi. Títí tí ó fi kú ni ọwọ́ rẹ̀ dúdú débi ìgbúnwọ́. Èmi ọmọ-ọmọ aláró ni mo dúró níwájú ìyá àwọn aláró tí n kò dá a mọ̀, tí mo sì tún fi ìgboyà pe orúkọ ẹlòmíràn mọ́ ọn lójú àna mi.

Èyí nìkan kọ́ ni mo sọ tí kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ tí ó tẹ̀ lé wa pé àwọn baba ńlá wa ni wọ́n gbẹ́ gbogbo ère inú igbó náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo dá padà lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì gba afinimọ̀nà ní ẹnu ọ̀nà kan náà tí mo ti fi ẹni wọn ṣẹ̀rín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mú mi wọlé kò kọ́kọ́ sọ ìtàn kankan. Ó mú mi dé etí odò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, odò yìí ti pẹ́, igi wọ̀nyí ti pẹ́, májẹ̀mú tí ó wà láàárín ìlú àti Ọ̀ṣun ti pẹ́. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì tí ẹ ń wò yìí, ìyá yín lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún púpọ̀ nínú rẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé bí afinimọ̀nà bá lè ya ohun tí ó ti pẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò pẹ́, tí kò sì fi èyí rẹ èkejì sílẹ̀, ó tó ẹni tí à ń tẹ̀ lé.

Ohun tí ó ṣàlàyé fún mi nìyí. Ọdún 1950 ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n bí ní ọdún 1915, dé orílẹ̀-èdè wa. Ní Ẹdẹ, nítòsí wa níhìn-ín, ni ó ti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, kí ó tó di ará Òṣogbo, tí a sì wá mọ̀ ọ́n sí Àdùnní Olórìṣà. Nígbà tí ó dé ìdí Ọ̀ṣun, ojúbọ ti ń wó, ikán ti mú òpó, àwọn ènìyàn sì ti ń gé igi igbó náà, wọ́n ń pa ẹran inú rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ Òṣogbo ni wọ́n jọ gbé ojúbọ wọ̀nyẹn dìde. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kí ó tó di ẹni tí ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe iṣẹ́ ọnà tí àwọn ará òkèèrè ń wá wò; Kàsálí Àkàngbé ń gbẹ́ igi, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta. Ní ọdún 1965 ni ìjọba kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2005 ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀. Àdùnní gbé Òṣogbo títí ó fi kú níbẹ̀ ní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń rí ìyá òyìnbó arúgbó yìí láwùjọ, n kò sì bi ara mi léèrè rí pé iṣẹ́ kí ni ó ń ṣe. Bí ó ti máa ń rí nìyẹn fún ẹni tí ó bá bá nǹkan nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ wa lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọkọ mi mẹ́ta wá láti Àbújá, ọjọ́ kan péré ni wọ́n sì ní. Ojúlùmọ̀ kan júwe ọkùnrin kan fún wa tí ó ní mọ́tò, tí ó sì ní òun yóò fi Igbó Ọ̀ṣun, ààfin Àtáọ́ja, ilé Àdùnní, ibi tí àwọn ayàwòrán wà, àgbàlá àwọn aláró àti Ilé-Ifẹ̀ pàápàá hàn wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Owó tí ó pè kò pọ̀, inú wa sì dùn. Inú mọ́tò ni a lo ọjọ́ náà tán. A lo ìwọ̀nba ìṣẹ́jú nínú igbó. Ní ààfin, ìta ni a dúró sí tí a ya fọ́tò. Nígbà tí a dé ilé Àdùnní ní ojú ọ̀nà Ìbòkun, ọkùnrin náà kò sọ̀kalẹ̀ rárá, ó ní kí a wọlé lọ wò ó. Ibi kan ṣoṣo tí kò ti kánjú ni ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti ère kéékèèké, níbi tí ó ti jókòó, tí ó ń rọ àwọn àlejò wa pé kí wọ́n rà sí i. Kò pẹ́ tí a fi mọ̀ pé wọ́n ń fún un ní nǹkan lórí gbogbo ohun tí a bá rà. A kò dé Ifẹ̀.

N kò bínú sí i mọ́, nítorí àwa náà ni a fẹ́ kó ìlú méjì sínú ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, kí n tó bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà, mo máa ń béèrè ní gbangba: ibo ni ìwọ fúnra rẹ yóò bá wa wọ̀, wákàtí mélòó ni a óò lò níbẹ̀, ṣé owó ìwọlé wà nínú iye tí o pè, ṣé a ó sì ya ṣọ́ọ̀bù kankan? Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹ gba rìsíìtì ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì béèrè bóyá owó kámẹ́rà yàtọ̀ sí owó ìwọlé.

Ohun tí mo gbà gbọ́ jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé ibi kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí í sọ ìtàn rẹ̀, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹnì kan ṣoṣo mọ gbogbo rẹ̀ dunjú. Nínú igbó, mo máa ń gba ẹni tí mo bá ní ẹnu ọ̀nà. Ní ilé Àdùnní, àwọn tí ń gbé inú ilé náà ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wọn, nítorí ilé ni, kì í ṣe ọ́fíìsì; ènìyàn a máa ránṣẹ́ ṣáájú, a sì máa kí wọn dáadáa kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan ère. Ní ti aró, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dúdú ni kí ó ṣàlàyé. Àlejò tí ó bá fi wákàtí kan jókòó ti obìnrin tí ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ sára aṣọ funfun, tí ó sì dúró wo bí aṣọ náà ṣe ń jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ ewé kí atẹ́gùn tó sọ ọ́ di dúdú, yóò lóye ìdí tí wọ́n fi ń ki wá ní ìlú aró. Àlàyé ẹnu lásán kò lè ṣe èyí.

Àwọn ibì kan wà tí ó jẹ́ pé ìtàn nìkan ni ó kù níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni afinimọ̀nà rere ti wúlò jù. Ní ọdún 1962 ni Dúró Ládiípọ̀, eléré orí ìtàgé, dá ẹgbẹ́ Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo, ibi ìpàdé àwọn eléré àti oníṣẹ́ ọnà. Orúkọ tí ó wá láti ilẹ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará ọjà wa gbọ́ ọ bí ẹni pé Yorùbá ni, wọ́n ní, "Bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀." Láti inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni àwọn bíi Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami ti jáde, àwọn tí kò lọ sí ilé-ìwé iṣẹ́ ọnà kankan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán. Afinimọ̀nà tí ó bá lè mú ọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì, láàárín ariwo ọkadà, kí ó sì mú kí o rí gbogbo èyí lójú inú, owó rẹ̀ kò pọ̀ jù.

Ní ti odò, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó lọ pé àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ó ti pupa bí omi amọ̀ láti ọdún mélòó kan, nítorí àwọn tí ń wa góòlù lápá òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìjọba sì ti kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má mu omi rẹ̀. Mo ti bá afinimọ̀nà kan pàdé tí ó ní òjò ni ó fà á, nínú ọ̀gbẹlẹ̀ gangan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tèmi sọ òtítọ́ fún wa, ojú sì ń tì í bí ó ti ń sọ ọ́, bí ẹni pé òun ni ó dà á rú.

Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń yọ̀ lásìkò òjò. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́, nítorí àwọn ọ̀bọ inú igbó kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ni ó rà á. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ni ẹ fẹ́ kọ́, ẹ má yan ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun tí Arugbá ń gbé igbá lọ sí odò nínú oṣù kẹjọ. Ọjọ́ ńlá ni, ó yẹ kí ènìyàn rí i lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká àwọn ènìyàn ni ẹ óò máa wò. Oṣù kọkànlá ni èmi fẹ́ràn, nígbà tí òjò ti dá tí igbó sì ṣì tutù.

Oṣù kọkànlá náà ni ìyá ọkọ mi tún wá. Ọmọ ìjọ gidi ni Màámi, ẹ̀rù sì ti ń bà á láti àkọ́kọ́ pé wọn yóò ní kí òun kúnlẹ̀ níbì kan. Afinimọ̀nà náà rí i lójú rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Màámi, ojú ni ẹ fi ń wò o. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà á gbàdúrà, ẹni tó bá fẹ́ wòran á wòran." Ara rẹ̀ balẹ̀ láti ìgbà náà. Ó gbọ́ bí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ, àwọn tí wọ́n tẹ Òṣogbo dó, ṣe wá omi dé etí odò, bí igi tí wọ́n gé ṣe wó sínú omi, àti bí ohùn kan ṣe jáde pé, "Ẹ̀yin oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé aláró ni Ọ̀ṣun pàápàá.

Nígbà tí a dé ìdí ère ọjọ́sí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Màámi gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí ó dúró ná. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó mi, ta nìyí?" Mo dá a lóhùn, mo sì sọ ti ìyá mi àgbà mọ́ ọn, ti ìkòkò mẹ́fà tí ó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ti ewé èlú tí a máa ń bá a gún. Afinimọ̀nà wa gbọ́ mi dópin, ó mi orí, ó sì béèrè bóyá mo rántí bí ìyá àgbà ṣe máa ń sẹ́ omi eérú.