Dúró, bá wa kalẹ́

Láàárọ̀ àná, lórí Afárá Third Mainland, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá bọ́ọ̀sì BRT wa dúró sójú kan. Mo yọ abẹ́rẹ́ méjèèjì àti òwú mi jáde nínú báàgì.

Àbúrò mi bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Oyún náà jẹ́ ọ̀sẹ̀ 32 péré, ọmọ ṣì wà nínú àpótí tó ń mú un móoru. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì lọ́ràá lára, ooru púpọ̀ sì máa ń gba orí tí a kò bò sá jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń hun fìlà.

Ojú òwú 64 ni mo dá sórí abẹ́rẹ́. Méjì síwájú, méjì sẹ́yìn. Tí mo bá ń fa ti iwájú, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé "dúró". Ti ẹ̀yìn, "bá wa kalẹ́". N kò mọ ìgbà tí ariwo fèrè ọkọ̀ dákẹ́ létí mi.

Àfi bí ọkọ̀ ṣe ta gìrì lójijì, tí ojú òwú kan bọ́ lórí abẹ́rẹ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Màmá tó jókòó tì mí bá mi di òwú náà mú kó má baà tú, títí mo fi gbé e padà.

"Ta lo ń hun ún fún, ọmọ mi?"

"Ọmọ àbúrò mi ni, mà. Oṣù rẹ̀ ò pé."

Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n gbé ọwọ́ lé fìlà náà, wọ́n ń ṣàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ títí a fi dé Adéníji. Mo ń ṣe àmín.

Mo parí rẹ̀ lóru. Mo ti fọ̀ ọ́, ó wà lójú fèrèsé, ó ń gbẹ.