Wọ́n tún ti sún aago ní Amẹ́ríkà

Wọ́n ní Ifẹ̀ ni ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ kó bá mi kìlọ̀ fún àwọn ará Houston, kí wọ́n máa wá béèrè aago lọ́wọ́ wa, nítorí tiwọn ti dójú tì mí.

Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ òkè òkun lórí Zoom, láti yàrá mi ní Lágéré. Àwọn mẹ́ta kan wà ní Houston tí kíláàsì wọn máa ń jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Àìkú lọ́dọ̀ wọn, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ tèmi. Lóṣù Kẹta, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti tan jẹnẹrétọ̀, mo ti wé gèlè (àwọn ọmọ náà fẹ́ràn gèlè). Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni "Aago mélòó ló lù?" Bí mo ṣe ṣí fóònù báyìí, àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ ìyá wọn. Èyí tó kẹ́yìn kà pé: "Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. A dúró títí, a ò rí yín. A ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Wọ́n ti sún aago síwájú mọ́ mi lójú oorun. Epo bẹntiróòlù lítà méjì wọlẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta ni Amẹ́ríkà ń sún un síwájú ní wákàtí kan, wọ́n á dá a padà ní Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Ìlú Ọba ń dúró di Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta. Láàárín méjèèjì, kàlẹ́ńdà mi máa ń dà bí ayò tí ọmọdé dàrú.

N ò sọ pé wọn ò ní ìdí o. Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe é jákèjádò orílẹ̀-èdè, ní 1916, nígbà ogun, kí ilẹ̀ lè pẹ́ ṣú lójú aago, kí èédú má baà tán. Lọ́ńdọ̀nù, ojúmọ́ oṣù Kẹfà ju wákàtí 16 lọ, ti oṣù Kejìlá kò pé 8. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n lè máa sún kiri. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tó gùn jù kò fi odindi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò fura sí ni pé aago tiwa gan-an ti sáré ju oòrùn lọ. Ìlà 15 níhà ìlà-oòrùn (nínú àwọn ìlà òòró tí wọ́n fi pín ayé, longitude) ni aago Nàìjíríà ń tẹ̀lé, bẹ́ẹ̀ Cameroon ni ìlà náà gbà kọjá, kò kan ilẹ̀ wa rárá. Ifẹ̀ wà ní ìlà bíi 4 àbọ̀. Tí aago méjìlá ọ̀sán bá lù, ó ṣì ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 kí oòrùn tó kan àtàrí. Ládánì àdúgbò wa mọ̀ ọ́n. Kì í pe ìrun Àílà ní aago méjìlá.

Màmá mi ń dín àkàrà ní Sábó, àwọn ọmọ iléèwé ni oníbàárà àárọ̀ rẹ̀. Lóṣù Kejì, ó ń tó aago méje kí oòrùn tó yọ. Mo sọ fún un pé tí wọ́n bá sún tiwa náà, aago mẹ́jọ ni yóò máa yọ. Ó wò mí. "Kí n wá máa fi tọ́ọ̀ṣì wo àkàrà nínú epo?"

Amẹ́ríkà ti tọ́ ọ wò. Ní 1974, wọ́n sún aago síwájú láti oṣù Kìn-ín-ní nítorí ọ̀wọ́n epo, àwọn ọmọ ń lọ síléèwé nínú òkùnkùn, àwọn òbí fárí gá. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, wọ́n ti dá a padà.

Tó bá jẹ́ tara mi nìkan, ma ní kí Lọ́ńdọ̀nù sún tiwọn kí wọ́n fi í síbẹ̀, torí aago wọn àti tiwa máa ń dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ inú òkùnkùn yẹn ni mò ń rò. Kí wọ́n máa lo aago àtijọ́ tí a kò sún láti January dé December. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Yúróòpù ti dìbò ní 2019 pé kí àṣà náà dópin ní 2021. Wọ́n ṣì ń sún un.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni a tó ṣe ẹ̀kọ́ wa, aago mẹ́rin tèmi. Mo na aago ògiri sókè, mo bi àbíkẹ́yìn wọn pé, "Aago mélòó ló lù?"

Ó ní, "Níbo, Àǹtí?"